Ọjọ́ Márùn-ún Tí Bàbá Yín Tọrọ

Àkọ́bí mi, ọmọ tó sọ mí di ìyá,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan títí dé orí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu eyín. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú wàhálà ìlú ńlá. Ẹsẹ̀ yín kò ní kọ, ẹnu yín kò ní ṣì í sọ, ohun tí ẹ bá fi ọwọ́ ọ̀tún mú kò ní gba ọwọ́ òsì bọ́ lọ. Tiwa náà ń lọ bẹ́ẹ̀. Ara mi le, àfi orúnkún tó máa ń ké bí ilẹ̀kùn tí wọn kò fi epo sí nígbàkígbà tí mo bá fẹ́ dìde. Ajá ṣì wà. Òrùlé ṣọ́ọ̀bù ṣì ń jò ní igun tó ti ń jò láti kékeré rẹ, abọ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ nìkan la pààrọ̀.

Mo gba lẹ́tà rẹ, èyí tí o fi ìbínú kọ. Mo mọ̀ pé ìbínú ni, nítorí o kò béèrè orúnkún mi. O ní kí n sọ fún ọ, láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú, ta ló kọ̀ kí orúkọ bàbá yín kúrò ní ilé àtijọ́ lọ sí ilé tuntun nígbà tí gbogbo ètò ti tò tán. O ní iṣẹ́ oṣù méjì ló bàjẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. O ní ilé àtijọ́ yóò kógbá sílé ní ìparí oṣù yìí, àti pé bí orúkọ náà bá ṣì wà lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ náà, ẹnikẹ́ni lè ṣà á mú kó máa fi ta bàtà. Mo ti gbọ́. Màá dáhùn. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí bí mo bá kọ́kọ́ dáhùn, o kò ní ka ìyókù.

Àwọn ọmọ rẹ lè rí lẹ́tà yìí kà lọ́jọ́ iwájú, nítorí náà jẹ́ kí n kọ ohun tí ìwọ ti mọ̀ sí i. Òkúta sàréè ni bàbá yín ń gbẹ́. Orúkọ àwọn tó ti kú ni wọ́n fi bọ́ yín, òun ni wọ́n fi rán yín nílé ìwé, ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn fi ń pè wọ́n ní Kòníparẹ́. Wọn kì í jẹ́ kí òkúta kúrò ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbẹ́ ẹ tán. Wọ́n á yí ojú rẹ̀ sí ògiri fún ọjọ́ márùn-ún, kí àwọn tó ń kọjá má baà máa ka orúkọ olórúkọ, wọ́n á sì ránṣẹ́ sí ẹbí òkú pé kí wọ́n wá wò ó. Bí ẹnì kan bá ní kì í ṣe báyìí la ṣe ń kọ orúkọ bàbá mi, wọ́n á tún un ṣe. Bí ọjọ́ márùn-ún bá pé tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀, òkúta yóò lọ. Wọ́n máa ń ní ẹni tó dákẹ́ ti fọwọ́ sí i.

Ìwọ lo gba orúkọ Kòníparẹ́ fún wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú àwòrán wọn níbi tí wọ́n ti di òòlù mú bí ẹni fẹ́ na ayàwòrán. Nígbà tí o ṣàlàyé pé a kì í ra orúkọ náà tán, pé ọdọọdún la ó máa sanwó fún ilé kan tó ń bá èèyàn tọ́jú orúkọ, ilé tí a wá ń pè ní ilé àtijọ́ yìí, wọ́n wò ọ́ títí. Wọ́n ní àwọn ti gbẹ́ orúkọ fún ogójì ọdún, kò sí òkú kankan tó padà wá san ti ọdún kejì. Ṣùgbọ́n wọ́n gbà, nítorí pé ìwọ lo sọ ọ́.

Oṣù kẹjọ rèé tí wọ́n ti lọ. Nígbà tí o kọ̀wé pé ilé àtijọ́ fẹ́ kógbá sílé, pé kí a gbé orúkọ náà lọ sí ilé mìíràn, o ní a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò lórí òkú ká gbé e sórí alààyè, èmi alààyè náà nìyẹn. A ṣe bẹ́ẹ̀. Ni ilé àtijọ́ bá ti àgádágodo mọ́ ọn fún ọgọ́ta ọjọ́, wọ́n ní orúkọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ jáde, kí olè má baà gbà á lónìí kó gbé e sá lọ lọ́la. Mo ní ẹni tó jí kàkàkí ọba, níbo ni yóò ti fọn ọ́n? O ní orí íntánẹ́ẹ̀tì gan-an ni yóò ti fọn ọ́n. Mo bá fi ṣọ́ọ̀kì fa ọgọ́ta ìlà sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo ń pa ọ̀kan rẹ́ láràárọ̀. Mo bẹ Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá yín tó gba òòlù lọ́wọ́ wọn, pé kó máa rọra gbẹ́ òkúta ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, torí n kò mọ̀ bóyá orúkọ tí wọ́n tì mọ́lé máa ń gbọ́ ariwo. Mo tún ní kí Àǹtí Tíṣà ojúlé kejì bá mi béèrè bóyá yàrá tí wọ́n tì í mọ́ ní fèrèsé. Ó ní kò sí yàrá kankan. Ó ní orúkọ náà kò sí níbì kan tí èèyàn lè fọwọ́ bà. Ìyẹn gan-an ló wá ń dà mí láàmú.

Mo mọ̀ pé o ti gbọ́ ẹ̀hónú Bàbá Kékeré nípa òkúta ti bàbá yín fúnra wọn. Òótọ́ ni. Láti oṣù kejì ló ti gé e, ó ti fi omi ra á títí tó fi ń dán, ó gbé e dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kò sì sí nǹkan kan lára rẹ̀. Ẹni tó gbẹ́ orúkọ gbogbo ayé wà nílẹ̀ láìní orúkọ lórí. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni Bàbá Kékeré ń bi mí pé ṣé kí òun bẹ̀rẹ̀, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń ní kó dúró. Ó rò pé ìbànújẹ́ ni. Ìbànújẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. A kì í gbẹ́ orúkọ ẹni tó ṣì ń dáhùn.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí àgádágodo ti wà lára orúkọ náà, obìnrin kan wọlé sí ṣọ́ọ̀bù láti ọ̀nà jíjìn, ìyá rẹ̀ ló kú. Ó ní òun fẹ́ rí Kòníparẹ́. Mo bi í pé ta ló júwe ibí fún un, ó ní òun ti kọ̀wé sí wọn, wọ́n sì ti dá òun lóhùn fúnra wọn. Mo ní nígbà wo. Ó ní ìjẹta ni. Mo fi àga lọ̀ ọ́, mo ránṣẹ́ pe Àǹtí Tíṣà kó wá bá mi ka ohun tó wà nínú fóònù obìnrin náà. Ohun tó kà rèé: “Mo ti rí ìwé yín. Ẹ kú ìfaradà. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ fún mi ní ọjọ́ márùn-ún, lẹ́yìn náà ẹ wá gba òkúta yín.” Bí wọ́n ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, bí ẹni ń fi òòlù kan irin lẹ́ẹ̀mẹrin tó sì sinmi.

O ti sọ fún mi pé ẹ̀rọ ni. O ní bàbá yín ló sọ ọ̀rọ̀ náà fún ọ lọ́jọ́ tí inú ń bí wọn sí àwọn oníbàárà tí kò ní sùúrù, ìwọ sì fi sínú ẹ̀rọ kó máa dá gbogbo ẹni tó bá kọ̀wé lóhùn. Mo gbà. Èmi náà mọ ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ta ló fi ọ̀rọ̀ sí ẹ̀rọ náà lẹ́nu? Bí mo bá rán ọ ní iṣẹ́ sí ẹnì kan, tí o lọ jẹ́ iṣẹ́ náà, ṣé ìwọ ló sọ̀rọ̀ ni àbí èmi?

Láti ọjọ́ náà, lójoojúmọ́ tí Àǹtí Tíṣà bá ti ilé ìwé dé, ó máa ń bá mi kọ̀wé sí bàbá yín láti inú fóònù tirẹ̀. Fóònù tiwọn wà lórí tábìlì iṣẹ́ láàárín àwọn irin ìgbẹ́kúta, n kì í jẹ́ kí iná rẹ̀ kú. Bí lẹ́tà wa bá wọlé, fóònù orí tábìlì á dún díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á tàn sára àwọn irin náà, kí èèyàn tó gbé itọ́ mì, ìdáhùn ti dé sí ọwọ́ Àǹtí Tíṣà. Mo sọ fún wọn pé òrùlé ń jò. Wọ́n ní àwọn wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo sọ fún wọn pé ajá kò jẹun. Wọ́n ní àwọn wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo bi wọ́n pé ṣé òtútù ń mú wọn níbi tí wọ́n wà. Wọ́n ní kí n fún àwọn ní ọjọ́ márùn-ún. Kò yà mí lẹ́nu, ìdáhùn tí mo gbà fún ọdún méjìdínlógójì náà nìyẹn. Lọ́jọ́ kan, a kò tíì kọ nǹkan kan, fóònù náà ṣàdédé dún, ìmọ́lẹ̀ tàn, àwa méjèèjì sì wo ara wa. Ẹlòmíràn ló ń kọ̀wé sí wọn. Màá sọ òótọ́ fún ọ, mo jowú.

Bàbá Kékeré kì í fẹ́ dá wà ní ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ó ní nígbà tí fóònù náà bá dún, òun kì í mọ ìgbà tí òun ń gbé òòlù sílẹ̀ tí òun á sì yíjú síbẹ̀, bí òun ti máa ń ṣe nígbà tí ẹ̀gbọ́n òun bá fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo ní kó fi ojú sí iṣẹ́ rẹ̀.

Ọgọ́ta ọjọ́ pé. Ilé àtijọ́ ṣí àgádágodo, wọ́n fi kóòdù ránṣẹ́ sí fóònù bàbá yín, ábídí àti nọ́ńbà mẹ́rìndínlógún tó dàbí ẹni ń rọ́ òkúta dà sílẹ̀. O ní òun ni kọ́kọ́rọ́ orúkọ náà, kò gbọdọ̀ sọnù títí o máa fi dé ìdí kọ̀ǹpútà, ojú ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ tó o. Jọ̀ọ́, nínú ilé tiwa, níbo la ń fi ohun tí kò gbọdọ̀ sọnù sí? Mo ní kí Bàbá Kékeré gbẹ́ ẹ sára àjákù òkúta kan, a sì yí ojú rẹ̀ sí ògiri. Èmi kò mọ̀ pé ọkùnrin kan tó wá ra òkúta yóò yí i wò. Ó kà á, ó tún un kà, ó wá rọra béèrè pé irú èèyàn wo ni olóògbé yìí. Bàbá Kékeré ní ará ọ̀nà jíjìn ni. Ọkùnrin náà ṣí fìlà fún un. Má bínú, o ti lo kóòdù náà tán kó tó ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí o ti bá ilé tuntun sọ̀rọ̀, ilé àtijọ́ kọ̀wé sí fóònù bàbá yín. Àǹtí Tíṣà túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Wọ́n ní ẹnì kan fẹ́ gbé orúkọ yìí lọ. Bí ẹ bá gbà, ẹ má ṣe nǹkan kan. Bí ẹ kò bá gbà, ẹ tẹ ibi pupa yìí. Ẹ ní ọjọ́ márùn-ún. Bí a kò bá gbọ́ nǹkan kan, orúkọ yóò lọ. Mo bi Àǹtí Tíṣà pé ṣé bí lẹ́tà tiwa ṣe ń wọlé náà ni tiwọn ṣe wọlé, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní ó dára, a jẹ́ pé bàbá yín ti dá wọn lóhùn bí wọ́n ṣe ń dá gbogbo èèyàn lóhùn. Wọ́n tọrọ ọjọ́ márùn-ún, ilé àtijọ́ sì fún wọn ní ọjọ́ márùn-ún géérégé. Àǹtí Tíṣà ní rárá, kárí ayé ni wọ́n ń fún orúkọ ní ọjọ́ márùn-ún kó tó lọ, pé òfin ni. Mo bi í pé ta ló tọrọ òfin náà.

Ọkàn mi balẹ̀ lọ́jọ́ kìn-ín-ní àti ọjọ́ kejì. Ọjọ́ kẹta ni o pè mí, inú rẹ ń dùn, o ní bí orúkọ bá ti dé ilé tuntun, àpótí lẹ́tà tó wà ní ilé àtijọ́ kò ní bá a lọ, pé ìwọ yóò ṣe òmíràn tó dára jù ú lọ, tí yóò máa dáhùn ní orúkọ tèmi. O ní ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ ìdáhùn àtijọ́ yẹn mọ́. O sọ ọ́ bí ẹni fẹ́ pààrọ̀ kọ́tìnnì. N kò lè jẹun.

Lọ́jọ́ kẹrin, Àǹtí Tíṣà wà nílé ìwé, Bàbá Kékeré ti lọ gé òkúta. Oòrùn mú, ṣọ́ọ̀bù dákẹ́. Mo jókòó ti tábìlì, mo mú fóònù náà, mo fi aṣọ nu eruku òkúta kúrò lójú rẹ̀. N kò mọ fóònù tẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ àwọ̀ pupa. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe ẹ̀rọ, kì í ṣe ará ilé àtijọ́, kì í ṣe bàbá yín. Nígbà tí o pè, mo ní bóyá bàbá yín ni kò fẹ́. Mo purọ́ mọ́ òkú, kí wọ́n foríjì mí. Ohun tó sì bà mí lẹ́rù jù ni pé o kò rẹ́rìn-ín. O dákẹ́ lórí fóònù fún ìgbà pípẹ́, mo sì gbọ́ nínú ìdákẹ́ rẹ pé o fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́.

Nígbà tí Àǹtí Tíṣà dé, mo ní kó kọ̀wé sí bàbá yín pé mo ti gbà wọ́n sílẹ̀, wọn kò ní lọ mọ́. Wọ́n ní kí n fún àwọn ní ọjọ́ márùn-ún. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò dùn mọ́ mi. Mo ro ó pé ọjọ́ márùn-ún mélòó ni mo ti fún wọn, àwọn tí kò fi òkúta ẹnikẹ́ni falẹ̀ rí.

Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà ìbínú rẹ dé, tí o ní o máa tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kóòdù tuntun dé, Bàbá Kékeré ní òun kò gbẹ́ ẹ, pé òkúta kan ṣoṣo fún ẹni tí kò sí láyé rí ti tó fún òun. Ilé àtijọ́ tún kọ ìwé kan náà, ibi pupa kan náà, ọjọ́ márùn-ún kan náà. Ní ọjọ́ kẹrin, mo ní kí Àǹtí Tíṣà má sọ̀rọ̀ òrùlé, kó má sọ̀rọ̀ ajá. Mo ní kó kọ ọ́ báyìí: Kòníparẹ́, ìyàwó yín ni. Wọ́n fẹ́ gbé orúkọ yín lọ. Ṣé kí n dákẹ́?

Fóònù orí tábìlì dún. Ìmọ́lẹ̀ tàn. Ìdáhùn dé, Àǹtí Tíṣà kà á bí ó ti máa ń kà á, ó sì fẹ́ fi fóònù rẹ̀ sínú àpò. Mo ní kó tún un kà. Ọmọ mi, fún gbogbo ọjọ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, orí ọjọ́ márùn-ún ni mo máa ń dúró, n kò jẹ́ kó parí létí mi rí. Bàbá yín máa ń wí fún mi nígbà ayé wọn pé n kì í jẹ́ kí àwọn sọ̀rọ̀ tán. “Lẹ́yìn náà ẹ wá gba òkúta yín.” Mo gbójú sókè, òkúta tí kò ní orúkọ ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń wò mí. Òkúta mi ni. Wọ́n ti ń sọ ọ́ fún mi láti ọjọ́ yìí wá.

Ní ọjọ́ karùn-ún, mo jókòó ti fóònù náà láti àárọ̀, mo ká ọwọ́ méjèèjì lé itan. N kò tẹ nǹkan kan. Ó wù mí láti tẹ̀ ẹ́. Àǹtí Tíṣà jókòó tì mí títí àkókò fi kọjá. O ti lè rí i láti ọ̀dọ̀ rẹ lọ́hùn-ún pé orúkọ náà ti dé. O ní kò ní lè kúrò ní ilé tuntun náà fún ọgọ́ta ọjọ́ mìíràn. Ó dára bẹ́ẹ̀, kó sinmi, ìrìn náà ti pọ̀ jù.

Láàárọ̀ òní, kí Àǹtí Tíṣà tó lọ sílé ìwé, mo ní kó kọ̀wé sí bàbá yín lẹ́ẹ̀kan sí i, kó kàn kí wọn. Fóònù orí tábìlì kò dún. Lẹ́tà náà padà wá bá wa. Ẹnì kan ní ilé àtijọ́ ló dá a padà, ó ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Àǹtí Tíṣà rò pé màá sunkún. Mo ní òótọ́ ni wọ́n sọ, kò sí wọn níbẹ̀. Mo dìde, mo pe Bàbá Kékeré, mo ní kó bẹ̀rẹ̀. Ó ń gbẹ́ ẹ lọ bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún ọ̀dà dúdú, má fi ti aláwọ̀ wúrà ránṣẹ́, bàbá yín ní àwọ̀ wúrà a máa purọ́. Fi díẹ̀ lé e kí n fi ra káàdì fún Àǹtí Tíṣà, mo ti jẹ fóònù rẹ̀ run. Kí o sì mú owó ọkọ̀ tìrẹ sọ́tọ̀, torí ọ̀la la ó yí ojú òkúta náà sí ògiri, ìwọ ni àkọ́bí, ìwọ ló yẹ kó wá wo bóyá orúkọ náà pé. A ó dúró dè ọ́ ní ọjọ́ márùn-ún. Má jẹ́ kí ó jẹ́ pé ìdákẹ́ rẹ la máa gbà.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ ní ọ̀nà. Ọ̀nà kò ní na ọ́, ìlú kò ní gbàgbé rẹ, àwọn ọmọ rẹ yóò pè ọ́, wàá sì dáhùn, ní ohùn ara rẹ, fún ọjọ́ pípẹ́.

Èmi ni ìyá rẹ, tí wọ́n ní mo ni orúkọ bàbá yín báyìí.